Ta Ni Àgbẹ̀ Tí Ìjọba Ń Ràn Lọ́wọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá sí iwájú yín ní oṣù yìí kan ẹ̀rí-ọkàn ju bí ó ti kan òṣèlú lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Ìjọba yóò máa jáde nínú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Ìjọba ilẹ̀ wa ti ń ná owó láti ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. A ń ta ajílẹ̀ fún un ní ẹ̀dínwó, a ń fún un ní irúgbìn, a sì ń yá a ní owó pẹ̀lú èlé kékeré. Kò sí olóye ènìyàn tí yóò sọ pé ohun búburú ni èyí. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì bi ara wa. Nígbà tí a bá fi orúkọ àgbẹ̀ pín nǹkan, ta ni àgbẹ̀ náà? Ṣé ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni, tàbí ẹni tí ó ń ro ó? Ṣé ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ni, tàbí ẹni tí ọkọ́ ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di líle? Bí ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀ bá sì gba ìpín àgbẹ̀, kí ni a ó pe ohun tí ó ṣe níwájú Ọlọ́run?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí nǹkan ti rí. Ní ọdún 1976 ni Ìjọba Àpapọ̀ gba rírà àti pípín ajílẹ̀ òyìnbó sí ọwọ́ ara rẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ìjọba a rà á ní owó gọbọi, a kó o fún àwọn ìpínlẹ̀, a sì pàṣẹ pé kí a tà á fún àgbẹ̀ ní owó táṣẹ́rẹ́. Ìdí tí a fi ṣe bẹ́ẹ̀ dára. Ilẹ̀ tí a ti ń dá láti ayé àwọn baba ńlá wa, tí a kò sì lè fi sílẹ̀ kí ó sinmi mọ́ nítorí pé ènìyàn ti pọ̀ sí i, kò lè ṣe kí agbára rẹ̀ má dín kù. Àgbẹ̀ tí ó ń ro ilẹ̀ kékeré kò sì ní owó tí yóò fi ra ajílẹ̀ ní iye tí ọlọ́jà ń tà á.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ohun tí ó fara pamọ́ nínú ètò yìí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń ta àpò kan ní ilé ìkẹ́rùsí Ìjọba ní ìdajì iye tí a ń tà á ní ọjà, ẹni tí ó rí i rà níhìn-ín tí ó sì lọ tà á lọ́hùn-ún ti jèrè, kò sì gbin hóró àgbàdo kan. Bí Ìjọba bá tún dín owó náà kù nítorí àánú tálákà, èrè ọkùnrin náà ni ó tún pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni àánú fúnra rẹ̀ di ìdẹ. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù kó ajílẹ̀ lọ sí oko tí kò sí; èyí tí a fi owó ilẹ̀ wa rà sì sọdá ibodè lọ sí ilẹ̀ àwọn aládùúgbò wa. Àwọn ènìyàn wá fún irú àwọn tí ń jẹ èrè yìí ní orúkọ kan: wọ́n ń pè wọ́n ní àgbẹ̀ òṣèlú. Oko wọn kò ní ebè, kò ní poro, bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í yé wọn mú èso wá.

Ní ọdún 1997 Ìjọba mú owó ìrànwọ́ orí ajílẹ̀ kúrò. Ní ọdún 1999 ó tún dá ìdá kan nínú mẹ́rin padà. Nígbà tí Ọ̀mọ̀wé Akínwùmí Adéṣínà di mínísítà ètò ọ̀gbìn ní ọdún 2011, ó sọ ní gbangba pé àwọn àgbẹ̀ tí ajílẹ̀ ẹ̀dínwó náà ń dé ọwọ́ wọn kò ju 11 lọ nínú 100. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí iye yìí. Ọ̀tá Ìjọba kọ́ ni ó sọ ọ́. Ẹni tí Ìjọba fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́ ni. Àwọn 89 tí ó kù nínú 100 ni a fi orúkọ wọn bèèrè owó, owó sì jáde, ṣùgbọ́n wọn kò fi ojú rí i. Ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ tọrọ, tí a kò sì fún ní nǹkan, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣe é ní ibi: a gba ohun tí í ṣe tirẹ̀, a sì mú kí gbogbo ayé gbà pé a ti ràn án lọ́wọ́, débi pé bí ó bá ké, wọn yóò ní abaraámóorejẹ ni.

Ní ọdún 2012 ni Adéṣínà àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ gbé ètò mìíràn kalẹ̀. A kọ orúkọ àwọn àgbẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn. Ìsọfúnni á dé sórí fóònù, àgbẹ̀ á mú un lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń ta ajílẹ̀, á sì san ìdajì owó àpò méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ kílógíráàmù 50. Ìjọba Àpapọ̀ a san ìdá kan nínú mẹ́rin, Ìjọba ìpínlẹ̀ a san ìdá kan nínú mẹ́rin tí ó kù. Àgbẹ̀ tí ó ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ ni a kọ orúkọ wọn. Ètò náà sàn ju ti ìṣáájú lọ, nítorí ó gba ìrànwọ́ lọ́wọ́ àwọn alágbàtà, ó sì fi orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan sí i. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí ó wà ní abà tí fóònù kì í ti í dún kò lè gbọ́ ìpè. Obìnrin tí ó ń ro oko fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí orúkọ ọkọ rẹ̀ ni ó wà nínú ìwé, kò sí nínú iye. Lẹ́yìn tí Ìjọba yí padà ní ọdún 2015, a pa ètò náà tì.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015 kan náà ni Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣí ètò owó yíyá kan ní Ìpínlẹ̀ Kébbì. Báńkì Àpapọ̀ ni ó ń yá àgbẹ̀ lówó, kí àgbẹ̀ lè fi ìkórè rẹ̀ san án padà. Owó tí ó jáde ju tírílíọ̀nù kan náírà lọ. Ọ̀pọ̀ gbà á bí ẹni gba ọrẹ, wọn kò sì dá a padà. Ní oṣù keje ọdún 2023, nígbà tí oúnjẹ ti wọ́n gógó, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé a ó pín 225,000 tọ́ọ̀nù ajílẹ̀ àti irúgbìn fún àwọn àgbẹ̀. Orúkọ ètò ń yí padà, àwọn tí ń ṣe olórí ń yí padà, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ kò yí padà: ta ni àgbẹ̀ náà?

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni ìbéèrè yìí ti le. Ní ọdún 1933, owó òwú já wálẹ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìjọba wọn wá ní òun yóò san owó fún àgbẹ̀ tí ó bá tú apá kan òwú tí ó ti gbìn, kí òwú lè ṣọ̀wọ́n, kí owó rẹ̀ sì gòkè. Ṣùgbọ́n onílẹ̀ ni a ń fi ìwé owó ránṣẹ́ sí. Àwọn tí ń ro ilẹ̀ náà, aláwọ̀ dúdú àti aláwọ̀ funfun, tí wọ́n ń pín ìkórè pẹ̀lú onílẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò rí kọ́bọ̀. Ohun tí ó tilẹ̀ burú jù ni pé, nígbà tí oko dín kù, onílẹ̀ kò nílò wọn mọ́, ó sì lé wọn jáde. Nítorí náà ni ọkùnrin 18, 11 funfun àti 7 dúdú, ṣe kó ara wọn jọ ní ìlú Tyronza ní Arkansas ní oṣù keje ọdún 1934, tí wọ́n sì dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ láti bèèrè ẹ̀tọ́ wọn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù pẹ̀lú, níbi tí a ti ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ lábẹ́ òfin kan láti ọdún 1962, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí san owó náà gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ilẹ̀, ìwé àwọn tí ń ṣe àkóso rẹ̀ fúnra wọn fi hàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé bí ìdá 80 nínú 100 owó náà ni ó ń lọ sí ọ̀dọ̀ bí ìdá 20 nínú 100 àwọn tí ń gbà á. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ gba púpọ̀; kò sí ẹni tí ó jalè, òfin ni ó rí bẹ́ẹ̀.

Kí ni èyí fi kàn wá? Àwa náà mọ ìṣákọ́lẹ̀. Ní àwọn ilẹ̀ kòkó wa, ní Ifẹ̀ àti ní Oǹdó, ẹni tí ó ni ilẹ̀ lè má fi ẹsẹ̀ tẹ oko náà fún ọdún kan, nígbà tí ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ ń jí lọ síbẹ̀ ní ìdájí. Bí Ìjọba bá ní kí àgbẹ̀ mú ẹ̀rí ilẹ̀ rẹ̀ wá kí ó tó gba ìrànwọ́, onílẹ̀ ni yóò mú un wá. Èrò tiwa nìyí: ẹni tí ó yẹ kí a pè ní àgbẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ẹni tí àdánù oko yóò dé bá. Bí òjò bá kọ̀ tí kò rọ̀, ta ni ebi yóò pa? Bí kòkòrò bá jẹ àgbàdo run, ọmọ ta ni a ó lé kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí owó? Òun ni àgbẹ̀. Ìrànwọ́ wà láti gba ẹrù díẹ̀ kúrò lórí ẹni tí ó rù ú. Ẹni tí kò ru ẹrù kò ní ohun tí a ó bá a sọ̀.

Àwọn mìíràn á sọ pé owó Ìjọba ni, kì í ṣe owó ẹnikẹ́ni, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o kí ó mú un. A fẹ́ kí ẹ rántí ibi tí owó Ìjọba ti wá ní apá ilẹ̀ wa yìí. Ní ọdún 1947 ni a dá Ìgbìmọ̀ tí ń ra kòkó sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí kì í fún àgbẹ̀ ní gbogbo iye tí ayé ń ra kòkó. A máa dá apá kan dúró, a ní fún ọjọ́ òjò àti fún ìtẹ̀síwájú ìlú. Nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kíní ọdún 1955, owó kòkó wà lára ohun tí ó gbé e ró. Ilé Kòkó tí ó ga fíofío ní Ìbàdàn, tí a ṣí ní ọdún 1965, orúkọ rẹ̀ ń jẹ́rìí. Ní ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí owó orí wúwo tí owó kòkó sì kéré, àwọn àgbẹ̀ Agbẹ́kọ̀yà dìde, ẹ̀mí sì ṣòfò. Ọdún 1986 ni a tó pa irú àwọn Ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Ǹjẹ́ ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ta ni ó san owó ilé ẹ̀kọ́ wa, tàbí ti àwọn òbí wa? Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ni ó fi ohun tí a dá dúró nínú kòkó rẹ̀ sọ ọmọ ẹlòmíràn di akọ̀wé. Nítorí náà bí Ìjọba bá ran àgbẹ̀ lọ́wọ́ lónìí, gbèsè ni ó ń san díẹ̀díẹ̀. Bí akọ̀wé bá wá dúró sí ojú ọ̀nà tí ó sì gba owó gbèsè náà mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́, kí ni a ó ti wí i? Owó tí ó ní olówó ni ó mú.

Ìwé Mímọ́ kò dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Mósè pàṣẹ fún olóko pé kí ó má ṣe kórè igun oko rẹ̀ tán, kí ó sì má padà lọ pèéṣẹ́, nítorí ti tálákà àti àlejò ni ìyókù. Bí a ti rí Rúùtù ní oko Bóásì nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí a ro ti olóko kan tí ó gbọ́ òfin yìí, tí ó sì rán àwọn ìránṣẹ́ tirẹ̀ lọ pèéṣẹ́ ní igun oko náà kí opó tó dé. Ní ojú ènìyàn, kò jalè: oko rẹ̀ ni, ọkà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó ti sọ òfin Ọlọ́run di òfìfo. Ẹni tí ó ní owó tí ó sì fi orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ márùn-ún gba àpò ajílẹ̀ mẹ́wàá ti ṣe ohun kan náà.

Ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì sì tún kọ́ wa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn Hellene kùn pé a ń gbójú fo àwọn opó wọn nínú ìpínfúnni ojoojúmọ́, àwọn Àpọ́sítélì kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n kùn. Bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sì sọ pé kí a dá ìpínfúnni náà dúró nítorí pé a ti ṣe é ní àìtọ́. Ọkùnrin méje tí a jẹ́rìí wọn ní rere ni wọ́n ní kí a yàn sí orí iṣẹ́ náà. Bí a bá sì ka orúkọ àwọn méje náà, orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ó hàn gbangba pé Ìjọ àkọ́kọ́ fi àwo oúnjẹ náà lé ọwọ́ àwọn tí ó mọ ohun tí ojú ẹni tí a gbójú fò ń rí. Ìmọ̀ràn ńlá ni èyí fún àwọn tí ń ṣètò ìrànwọ́: ẹ jẹ́ kí àgbẹ̀ tí a ti rẹ́ jẹ wà lára àwọn tí ń pín in.

Ó yẹ kí a gbọ́ ti àwọn tí ó rò ní ọ̀nà mìíràn. Wọ́n ní àgbẹ̀ ńlá ni ó ń mú oúnjẹ púpọ̀ wá sí ọjà, pé bí a bá fọ́n ajílẹ̀ ká sí oko wẹ́wẹ́, ìlú yóò jìyà. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìwúwo, a kò sì bú àgbẹ̀ ńlá. Bí àwọn aláṣẹ bá gbà pé ire gbogbo ìlú ni kí a ràn án lọ́wọ́, kí wọ́n sọ ọ́ ní gbangba, kí wọ́n sì fi orúkọ tirẹ̀ bèèrè owó náà, kí àwọn ará ìlú lè rò ó wò. Ohun tí kò tọ́ ni kí a fi àkísà tálákà tọrọ, kí a sì fi ohun tí a rí wọ ọlọ́lá ní ẹ̀wù. Àwọn mìíràn á sì bi wá pé: tálákà tí ó ta àpò tirẹ̀ nítorí ebi ń kọ́? A kò lè fi òun àti alágbàtà sí orí òṣùwọ̀n kan náà. Ohun tirẹ̀ ni ó tà. Bí ó bá jẹ́ pé oúnjẹ òòjọ́ ni ó fi àpò náà rà, ẹ̀rí ni pé ìrànwọ́ tí a fún un kò tíì bá ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀ mu.

A sì tún fẹ́ kí a mọ̀ pé ìrànwọ́ kò rí bákan náà. Àpò ajílẹ̀, bí ọ̀kan bá gbà á, ẹnìkejì ti pàdánù rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti dá ilé ìwádìí ńlá nì sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1967 tí a mọ̀ sí IITA, àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ti mú irú ẹ̀gẹ́ jáde tí ó ń kojú àrùn. Ẹni tí a fún ní igi ẹ̀gẹ́ náà ṣá a sí ẹyọ-ẹyọ, ó gbìn ín, ní ọdún kejì ó fún aládùúgbò rẹ̀ ní ìdì kan, oko tirẹ̀ kò sì dín kù. Kò sí àgbẹ̀ òṣèlú tí ó lè kó gbogbo rẹ̀ pamọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí. Ọ̀nà oko tí a tún ṣe náà rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí ó ru apẹ̀rẹ̀ kan àti ẹni tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù ni ó ń gba orí rẹ̀ kọjá. Bí àwọn aṣojú wa bá béèrè ohun tí a ń fẹ́, ẹ jẹ́ kí a máa kọ́kọ́ bèèrè irú èyí tí ó ń pọ̀ sí i bí a ti ń pín in.

Ní ìparí, ọ̀dọ̀ ara wa ni a ó padà sí. Nínú gbogbo ètò tí a ti kà sílẹ̀ yìí, ẹnìkan ni ó kọ orúkọ. Akọ̀wé ni, ó sì lè jẹ́ olùkọ́, ó lè jẹ́ wọ́dẹ̀nì, ó lè jẹ́ ọmọ Ìjọ tí ń gba Ara Olúwa ní ọjọ́ ìsinmi. Ẹ̀yin tí kálàmù wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ orúkọ alágbàro tí ń dáko ti ara rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí ń san ìṣákọ́lẹ̀. Ẹ fi orúkọ obìnrin pè é, ẹ má ṣe fi ti ọkọ rẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ka ìwé orúkọ náà sókè ní gbangba, ní ọjà àti lẹ́yìn ìsìn, kí àwọn ènìyàn lè sọ ẹni tí kì í ṣe àgbẹ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá yá yín lówó, ẹ dá a padà, nítorí ẹlòmíràn ń dúró dè é. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ohun tí kì í ṣe tiyín, Sákéù wà níbẹ̀ bí àwòkọ́ṣe: kò dúró di ìgbà tí agbowó-òde mìíràn bá kọ́kọ́ ronú pìwà dà, ó sì ṣèlérí ìlọ́po mẹ́rin fún ẹni tí ó ti rẹ́ jẹ. Ìjọ pẹ̀lú níláti ṣọ́ra. Ní ọjọ́ Ìkórè, iṣu mẹ́ta tí ó ti oko àgbẹ̀ wá dára ju owó ńlá tí a rí nínú àpò ajílẹ̀ ẹlòmíràn lọ.

Àwọn àgbà wa ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Kí Olúwa ìkórè fún wa ní ojú láti rí ẹni tí kò ní, kí ó sì fún wa ní ọwọ́ tí kò ní dí i lọ́nà. Àmín.